Àìsàn Tó Ń Fo Ilé

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún tí ẹ̀yà keje ikọ́ gbígbẹ wọ Ìlú Abẹ́-Ìgò, Atọpasẹ̀ sọ ohun tí kò sọ rí láti ogún ọdún tí wọ́n ti ṣe é: ó ní òun kò mọ̀.

Ẹ̀rọ tó gbọ́n lójú ara rẹ̀ ni Atọpasẹ̀. Gbogbo ará ìlú, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ènìyàn, ló ń wọ ìlẹ̀kẹ̀ èémí sí ọrùn ọwọ́. Bí ara ẹnì kan bá ti ń bá fáírọ́ọ̀sì jà, òórùn èémí rẹ̀ á yí padà. Ìlẹ̀kẹ̀ náà á gbọ́ òórùn yẹn, á ránṣẹ́ sí Atọpasẹ̀, Atọpasẹ̀ á sì fa ìlà láti ara ẹni tó kó àìsàn ranni dé ara ẹni tó kó o. Lórí Ayé Pupa, níbi tí gbogbo ìlú ti ń mí afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo lábẹ́ ìgò ńlá, ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà tí àrùn ń gbà, kó yáa máa gbẹ́ ilẹ̀ sàréè. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n fi ká ẹ̀yà kẹfà mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà keje yìí á yọ ní ilé kan ní Òkè Ìlà, á tún yọ ní òmíràn ní Ìsàlẹ̀ Ẹ̀rọ, láìsí ẹnì kan tó rìn láàárín ilé méjèèjì. Ó ti fo ilé mẹ́rìnlá báyìí bíi tata. Ènìyàn mọ́kànlá ti kú.

Dókítà Ìbídùn, ọ̀gá àwọn tó ń bójú tó Atọpasẹ̀, ní ìdí tirẹ̀ tó fi ń kánjú. Oyún oṣù mẹ́jọ wà nínú rẹ̀, mẹ́fà nínú àwọn tó kú sì jẹ́ abiyamọ. Ó fẹ́ mọ ọ̀nà àìsàn náà kí ọmọ tirẹ̀ tó dé.

“Má da ara rẹ láàmú,” ni Ìyá Àṣàkẹ́, ìyá rẹ̀, máa ń sọ fún un tó bá yà kí i nírọ̀lẹ́. “Ìwọ ṣáà bí i. Èmi ni n ó wẹ̀ ẹ́.”

Iṣẹ́ Ìyá Àṣàkẹ́ nìyẹn. Awẹmọ márùn-ún ló wà nílùú, òun ló sì dàgbà jù. Ẹ̀rọ ń fọ abọ́, ẹ̀rọ ń wẹ ewúrẹ́, ẹ̀rọ tilẹ̀ ń wẹ àwọn ọlẹ kan tí n kò ní dárúkọ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbé ọmọ tuntun fún ẹ̀rọ rí. Awẹmọ ló ń na apá ọmọ, tó ń tọ́ orí rẹ̀, tó ń jù ú sókè kí ẹ̀rù má baà máa bà á. Bí ikun bá sì dí imú ọmọ, awẹmọ á fi ẹnu fà á, á tutọ́ dànù.

Nígbà tí ẹ̀rọ ti gba kámú, Ìbídùn fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé àwọn ilé náà. Ní ilé kẹta, ó rí ìlédìí tí wọ́n sá sórí okùn. Ní ilé kẹrin, ó tún rí i. Nígbà tó dé ilé kẹrìnlá, kò béèrè ìbéèrè kankan mọ́. Ó kọrí sí ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Àgbà.

“Ọmọ ọwọ́ ni,” ó wí. “Gbogbo ilé tí àìsàn yìí fò wọ̀ ló ní ọmọ ọwọ́. Atọpasẹ̀ kò lè rí wọn, torí òfin yín ní ká má fún wọn ní ìlẹ̀kẹ̀ títí wọn ó fi yọ eyín.”

Olóyè Akínlàjà, olórí Ìgbìmọ̀, ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Ohùn rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀.

“A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, Dókítà.”

“Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, èmi kọ́ ló fẹ́ kà wọ́n. Ẹ̀rọ ni.”

“Ẹ̀rọ náà ló kà wọ́n nígbà yẹn. Ọmọ ọdún méje ni mí nínú ọkọ̀ òfurufú tó gbé wa wá síbí. Wọ́n kọ nọ́ńbà sí ọmọ kọ̀ọ̀kan lára. Nígbà tí afẹ́fẹ́ kò kárí mọ́, nọ́ńbà ni wọ́n fi pe àwọn ọmọ tí wọn kò ní fún mọ́. Wọn kò pe orúkọ, torí ọkàn wọn kò lè gbà á. Àbúrò mi ni nọ́ńbà kejìlélógún. Àwa tó kù la ṣe òfin yẹn.”

Ojú ti Ìbídùn. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti ń rò pé ọ̀rọ̀ èèwọ̀ lásán ni. Síbẹ̀, kò jókòó.

“Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn ìyá wọn ló ń kú yìí. Ta ni yóò pọ̀n wọ́n?”

Baba náà wo ikùn rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

“Ọjọ́ méje,” ó wí. “Lẹ́yìn náà, kí ẹ bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn.”

Ní ọjọ́ kẹta, ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Àwọn ọmọ ló kọ́kọ́ ń kó o. Wọn kì í ju kí wọ́n sín lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fún wọn lọ́mú tàbí tó gbé wọn á kó o. Atọpasẹ̀ rí ìyẹn. Ohun tí kò rí ni ẹni tó kó o ran àwọn ọmọ. Àwọn awẹmọ ló ń ti ilé ọmọ tuntun kan bọ́ sí òmíràn, nítorí náà Ìbídùn ní kó fi ìrìn wọn hàn òun, ẹ̀rọ náà sì dáhùn pé kò sí ìkankan nínú wọn tó jáde nílé ní òwúrọ̀ rí, láti ogún ọdún.

Ìbídùn mọ̀ pé àràárọ̀ ni wọ́n ń jáde. Láti kékeré ló ti ń wo ìyá rẹ̀: kó tó jáde láàárọ̀, á bọ́ òrùka, á bọ́ ẹ̀gbà, á bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ èémí, á fi wọ́n kọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, torí ohun líle kò gbọdọ̀ ha ọmọ tuntun lára. Ó mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ọ́ fún ẹ̀rọ, torí kò rò pé ohun tí ènìyàn ń sọ ni.

Ó gba itọ́ àwọn awẹmọ márààrún. Ó yẹ ti àwọn mẹ́rin wò, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ti ìyá rẹ̀ ló fi kádìí rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ara ìyá náà kò bá a jà rárá, ṣe ló gbà á lálejò.

“Èmi?” ni Ìyá Àṣàkẹ́ wí. “Kò síbi tó ń dùn mí.”

“Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà, Màámi.”

“Ṣé èmi náà ni mo kó o ran ìyàwó Láyíwọlá tó kú? Ẹni tó máa ń bu ọbẹ̀ fún mi?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi.”

Kò béèrè nípa ẹlòmíràn mọ́.

Oògùn rẹ̀ kò sí lórí Ayé Pupa. Inú iyàrá onígíláàsì ni Ìyá Àṣàkẹ́ yóò máa gbé, bóyá títí ayé. Olóyè Akínlàjà pe Ìbídùn sí kọ̀rọ̀, ó ní kí wọ́n ṣáà kéde pé awẹmọ kan ni, kí wọ́n má dárúkọ. Ìbídùn ní bí àwọn kò bá dárúkọ, ìlú yóò di ẹ̀bi ru àwọn mẹ́rin yòókù. Òun fúnra rẹ̀ ló dúró níwájú ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ènìyàn, tó pe orúkọ ìyá rẹ̀. Ó dùn ún dọ́kàn.

Àìsàn náà dáwọ́ dúró láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìbídùn bí ọmọbìnrin. Ó gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ gíláàsì náà pẹ̀lú ọpọ́n, kànìnkànìn àti ọṣẹ, ìyá rẹ̀ sì jókòó ní òdìkejì, ó ń kọ́ ọ.

“Gbé orí rẹ̀ lé apá rẹ. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn. Wò ó bó o ṣe mú un bí ẹni mú ẹja.”

“Ọṣẹ ló ń yọ̀, Màámi.”

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ni ọmọ yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Àṣàkẹ́ fò dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì láti gbà á, ìka rẹ̀ sì gbá gíláàsì gbàà. Ìbídùn ti rá ọmọ náà mú kó tó kan omi.

“Mo ti mú un, Màámi.”

“Mo rí i,” ni ìyá rẹ̀ wí. Ó jókòó padà, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ìka rẹ̀ tó ń ta á.