Kíákíá àti Ekòló Rọ́bà Mẹ́ta

Kíákíá jí ní òwúrọ̀ Sátidé.

Kíákíá kọ́ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i. Àmọ́ tí ẹ bá rí i bó ṣe ń wọ bàtà, ẹ ó mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ó wẹ̀ kíákíá. Ó jẹun kíákíá. Ó wọ bàtà kíákíá, ó ki ẹsẹ̀ òsì bọ ti ọ̀tún.

Kẹ̀ẹ̀ẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá rẹ̀ ti ilé búrẹ́dì dé.

Gbogbo òru ló fi ń po ìyẹ̀fun. Ìyẹ̀fun wà nínú irun rẹ̀. Ìyẹ̀fun wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀.

Ó rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Ó rẹ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ pàápàá.

"Dádì, ẹ káàbọ̀," ni Kíákíá wí. "Ṣé ká máa lọ pẹja?"

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó." Bàbá rẹ̀ jókòó. Ojú rẹ̀ ń pa dé.

Ìyá Kíákíá wò ó, ó mi orí. "Bàbá Kíákíá, ara kì í ṣe irin o. Sátidé mẹ́ta lẹ ti lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lẹ gbé garawa òfìfo wálé. Tí ẹ ò bá rí ẹja lónìí, láti Sátidé tó ń bọ̀, oorun ni ẹ ó máa sùn."

"Òótọ́ lo sọ," ni bàbá rẹ̀ wí.

Àyà Kíákíá já.

Tí Kíákíá bá ń lọ sílé ìwé, bàbá rẹ̀ ń sùn. Tí ó bá tilé ìwé dé, bàbá rẹ̀ ń múra iṣẹ́. Sátidé nìkan ni ọjọ́ tiwọn méjèèjì.

Lónìí, ó gbọ́dọ̀ rí ẹja.

Wọ́n gbé ọ̀pá ìpẹja àti garawa, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì. Ùnnn. Ùnnn. Bọ́ọ̀sì ń gun òkè bí ẹni pé ó rẹ òun náà.

Wọ́n dé etí adágún omi. Igi ńlá kan ti wó sínú omi níbẹ̀.

"Abẹ́ igi yẹn ni ẹja ẹlẹ́nu ńlá ń sá sí tí oòrùn bá mú," ni bàbá rẹ̀ wí.

Ó ki ekòló rọ́bà kan bọ ẹnu ìwọ̀. Ekòló náà gùn, ó sì rọ̀. Méjì péré ló kù nínú agolo.

"Jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, má jù ú sórí igi. Jẹ́ kó rì délẹ̀. Fà á díẹ̀. Dúró. Fà á díẹ̀. Dúró. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ nìgbín fi ń gun igi."

"Mo ti gbọ́, Dádì."

Kò gbọ́.

Bàbá rẹ̀ fẹ̀yìn ti òkúta. "Mo kàn fẹ́ dijú fún ìṣẹ́jú kan."

Oorun gbé e lọ. Hùn-ùn-ùn… fííì.

Wúù! Kíákíá ju okùn sómi. Kẹrẹkẹrẹkẹrẹ! Ó ká a kíákíá. Ekòló ò tilẹ̀ délẹ̀. Ó ń fò lórí omi, ó sì lọ há sára igi.

Kíákíá fà á. Tà! Okùn já. Ekòló kan lọ.

Ó mú ìwọ̀ mìíràn. Ó ki okùn bọ ojú ìwọ̀, ó lọ́ ọ mọ́ra lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó tutọ́ sí i, ó fà á le. Bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn.

Ó ki ekòló kejì bọ ẹnu rẹ̀. Wúù! Ó tún ju okùn. Lọ́tẹ̀ yìí, ó jẹ́ kó délẹ̀.

Tọ́. Ẹja ń kan ekòló bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn.

Kíákíá ò dúró gbọ́ èkejì. Ó fa ọ̀pá sókè, fàì! Ìwọ̀ jáde lófìfo. Ẹja ti já ekòló gbà. Ekòló méjì lọ.

Ó ku ọ̀kan.

Kíákíá wo bàbá rẹ̀. Ìyẹ̀fun ṣì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Kò jí i.

Oòrùn ti ga. Apá ń dun Kíákíá. Ọrùn ń dùn ún. Ó rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Ó rẹ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ pàápàá.

Ó ju okùn. Wúù. Ekòló rì, ó rì, ó délẹ̀.

Kíákíá fẹ́ ká okùn kíákíá. Apá kọ̀.

Ló bá fà á díẹ̀. Ó sinmi. Ó fà á díẹ̀. Ó sinmi.

Tọ́.

Kíákíá ò lágbára tó fi máa fò. Ó dúró.

Tọ́. Okùn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Kíákíá rọra ká okùn títí ó fi le. Ó wá gbé ọ̀pá sókè.

Ọ̀pá tẹ̀ kọdọrọ.

"Dádì. Dádì, ẹ jí."

Bàbá rẹ̀ ta jí. Ojú kan ló kọ́kọ́ là. "Má jẹ́ kí okùn dẹ̀. Tó bá dẹ̀, ẹja á tu ìwọ̀ dànù."

Kò gba ọ̀pá lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ìbàdí rẹ̀ ló dì mú, kó má baà ṣubú sómi.

Kẹrẹ… kẹrẹ… kẹrẹ. Pàà!

Ẹja ẹlẹ́nu ńlá nìyẹn. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ débi pé ọwọ́ Kíákíá lè wọ̀ ọ́.

Wọ́n bu omi sí garawa. Wọ́n gbé ẹja sí i.

"Báwo lo ṣe ṣe é?" ni bàbá rẹ̀ bi í.

Kíákíá ronú. "Ó rẹ̀ mí ni, Dádì."

Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ìyẹ̀fun fi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Wọ́n sùn nínú bọ́ọ̀sì. Awakọ̀ ló jí wọn. "Ẹ̀yin ẹlẹ́ja, ẹ ti dé o."

Ìyá ṣílẹ̀kùn. Ó bẹ̀rẹ̀ wo garawa. Pàà! Omi ta sí i lójú.

Ó nu ojú rẹ̀. Ó wo bàbá. Ó wo ọmọ.

"Ó dáa," ni ìyá wí. "Ẹ ó tún lọ ní Sátidé tó ń bọ̀. Àmọ́ ọ̀sán ni ẹ ó lọ, lẹ́yìn tí bàbá rẹ bá ti sùn jí."

Inú Kíákíá dùn gan-an. Ó fẹ́ fò sókè. Ẹsẹ̀ kọ̀.

Bàbá dùbúlẹ̀. Kíákíá dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tòun ti bàtà.

Hùn-ùn-ùn… fííì. Hùn-ùn-ùn… fííì.

Ọwọ́ Kíákíá ń mira lójú oorun. Ó fà á díẹ̀. Ó dúró.