Rọ́bà Tíúbù Lára Alùpùpù Ìje

Àárọ̀ Sátidé ni, lórí pápá ìje kan lẹ́yìn ìlú Iléṣà. Bàbá Cornelius tẹ fèrè alùpùpù Tiwátọ́pẹ́, ó dún. Ó tẹ bíréèkì, ó mú. Ó wo táyà yí ká.

"Ó ti yege," ó wí. "Ẹ gbé òmíràn wá."

Ògbólógbòó mẹkáníìkì ni Bàbá Cornelius. Kò sí alùpùpù tó ń ná ọ̀nà Òṣogbo sí Iléṣà tí kò lè tú palẹ̀ kó sì tún un tò. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní kó máa yẹ alùpùpù wò kí ìje tó bẹ̀rẹ̀. Tiwátọ́pẹ́ sì ni ọmọ kan ṣoṣo tí Julianah, àbúrò Bàbá, bí; òun náà ti wá wo ọmọ rẹ̀.

Ìje alùpùpù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ ọgọ́rùn-ún sísì (100cc) ni, ìje alùpùpù kéékèèké tí àwọn tí kò fi ìje jẹun máa ń gùn. Àwọn èèyàn a máa fojú kéré e. Bẹ́ẹ̀, bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fádìẹ.

Ẹgbẹ́ eléré ìje rán Phebe wá láti Òṣogbo kó wá la àwọn tó ń yẹ alùpùpù wò lóye. Ó kúnlẹ̀ kí Bàbá Cornelius.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ó yege yẹn wò."

Inú bí Bàbá. "Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní alùpùpù? Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń tú ẹ́ńjìnnì!"

"Mo mọ̀, sà. Alùpùpù ojú títì lẹ mọ̀ dunjú. Ti ìje yàtọ̀."

Ó ní kí Tiwátọ́pẹ́ tan ẹ́ńjìnnì, kó sì gbọ́wọ́ kúrò lórí tọ́rọ́tù, ibi tí awakọ̀ ń yí kí ọkọ̀ lè sáré. Ẹ́ńjìnnì ń dún jẹ́jẹ́. Phebe wá yí ọwọ́ alùpùpù sápá òsì títí kò fi lè lọ mọ́. Ẹ́ńjìnnì figbe ta. Bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan tọ́rọ́tù.

Julianah káwọ́ lérí. Phebe sáré pa ẹ́ńjìnnì, ó tọ́ka sí rọ́bà tíúbù tí wọ́n fi so wáyà tọ́rọ́tù mọ́ irin.

"Lójú títì, èyí lè má ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ní kọ́nà pápá, wọ́n á yí ọwọ́ tán pátápátá. Rọ́bà á fa wáyà, alùpùpù á sì sáré nígbà tó yẹ kó rọra. Àárín èrò ló máa já sí."

"Ta ló so ó?" Julianah bèèrè.

Tiwátọ́pẹ́ wolẹ̀. Bàbá Cornelius ló dáhùn.

"Èmi ni."

Ohun tó bá já, rọ́bà tíúbù. Ohun tó bá ń mì, rọ́bà tíúbù. Bó ṣe kọ́ṣẹ́ nìyẹn, bó sì ṣe kọ́ gbogbo ọmọọṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó gbójú sókè wo àwọn alùpùpù tó ti fọwọ́ sí láàárọ̀ náà. Rọ́bà wà lára wọn. Ẹ̀rù bà á gan-an.

"Ẹ pè wọ́n padà," ó wí. "Gbogbo wọn."

Ó mú abẹ, ó sì gé àwọn rọ́bà náà fúnra rẹ̀. Kò sí ohun tó di wáyà alùpùpù Tiwátọ́pẹ́ mú mọ́, ó sì ní kó má wọ pápá.

Ẹ̀yin tí wọ́n fi yíyẹ alùpùpù wò lé lọ́wọ́, ìmọ̀ ojú títì nìkan ò tó. Ẹ kọ́ òfin irú ìje tí ẹ fẹ́ bójú tó kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ yí ọwọ́ rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, kí ẹ sì fetí sílẹ̀. Èyí tí kò bá yege, ẹ dá a padà, ìbáà jẹ́ ti ọmọ yín. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹni tó dá yín dúró kò kórìíra yín.

Tiwátọ́pẹ́ ò gba ife lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó bá ìyá rẹ̀ délé.