Ọ̀dà Lórí Ìpẹtà

"Páúdà lẹ ń dà sí i, Bàbá? Ṣé ẹ fẹ́ wẹ ọmọ ni?"

Ọmọbìnrin tó sọ̀rọ̀ yìí dúró lẹ́nu àtíbàbà atúntáyàṣe, ó fi ìka méjì ká etí síkẹ́ẹ̀tì ilé-ìwé rẹ̀ sókè kí ilẹ̀ tí epo ti sọ di dúdú má baà kàn án. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Òun ló ń gba ipò kìíní nínú físíìsì láti ọdún mẹ́ta, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ọ̀mọ̀wé nílé. Orúkọ náà ti wọ̀ ọ́ lágbárí ju bó ṣe yẹ lọ.

Àgbàlagbà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Túùbù kò gbójú sókè. Ó ń fọwọ́ pa páúdà náà sára túùbù tó wà lórí orúnkún rẹ̀, bí ẹni ń pa ẹ̀yìn ọmọ ọwọ́ lóòótọ́. Ó ní páúdà ni kì í jẹ́ kí túùbù àti táyà máa ha ara wọn. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí ìyá rẹ̀ rán an.

Katakata ìyá rẹ̀ ni. Ẹ̀rọ náà dàgbà ju Ọ̀mọ̀wé lọ. Bàbá rẹ̀ ló fi sílẹ̀ nígbà tó kú, ìyá rẹ̀ sì gun orí rẹ̀, ó kọ́ ọ, ó ń fi í túlẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ títí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ìyá Oníkatakata. Ní báyìí, táyà ẹ̀yìn apá ọ̀tún ti já débi pé òwú inú rẹ̀ ń yọjú síta, òjò sì kù sí dẹ̀dẹ̀. Oko ńlá kan wà lẹ́bàá òkè tí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ń gbé fún ìyá yìí lọ́dọọdún. Bí kò bá tú u tán kí òjò tó dé, wọn yóò gbé e fún ẹlòmíràn, owó oko yẹn sì ni Ọ̀mọ̀wé fi ń lọ sílé-ìwé. Ìyá rẹ̀ ti sọ ọ́ yékéyéké: kó gbé rìímù, irin tí táyà ń jókòó lé, lọ bá Bàbá, kí Bàbá fọwọ́ wò ó. Bó bá ní táyà oní-túùbù, òun ni kó rà. Bó bá ní táyà tí kò gba túùbù, èyí tí wọ́n ń pè ní túbùlẹ́ẹ̀sì, òun náà ni.

Bàbá na ọrùn wo rìímù tó wà lórí ọmọlanke lójú títì. "Wọ́n ti jó ìyẹn pọ̀ rí. Mo rí ojú àpá rẹ̀ láti ibí. Túbùlẹ́ẹ̀sì ò ní nǹkan mìíràn tó ń di afẹ́fẹ́ rẹ̀ mú ju etí rìímù lọ, ọmọ mi. Bí ìpẹtà bá ti jẹ etí, afẹ́fẹ́ á bá ibẹ̀ lọ. Sọ ọ́ kalẹ̀, kí n ha á, kí n fi àtàǹpàkò wá a yíká. Tó bá di ọ̀sán, màá fún ọ lésì."

Àtàǹpàkò. Ẹ̀rín fẹ́ pa Ọ̀mọ̀wé. Nílé-ìwé wọn, ìdiwọ̀n ni wọ́n fi ń wọn nǹkan, baba yìí ń fi ìka tó dà bí èèpo iṣu wo irin. Àfi bí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ méjì ṣe ń kọjá lọ, tí wọ́n bojú wo abẹ́ àtíbàbà náà, tí wọ́n sì wo ara wọn. Ó ní òun ń bọ̀, ó yíjú sí ọlọ́mọlanke tó bá a gbé rìímù wá pé kó máa tì í lọ.

Ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì ló gbà lọ. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ so táì mọ́rùn, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ túùbù, ó sì yọ ṣùtì. Ó ní àwọn tó ń lo túùbù ni wọ́n ṣì ń tan fìtílà. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Ọ̀mọ̀wé débi pé ó tún un sọ fúnra rẹ̀ lójú ọ̀nà. Túbùlẹ́ẹ̀sì ló rà. Kí wọ́n tó gbé e wọ orí rìímù, wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà kun irin náà, láìha nǹkan kan. Ó ń dán bí ìgbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-iṣẹ́ jáde.

Inú ìyá rẹ̀ dùn, àmọ́ ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í. "Ṣé Bàbá fọwọ́ kàn án?"

"Ó fọwọ́ kàn án, Màmá. Ó ní kò séwu."

Irọ́ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí omi. Ẹni tó gàn án ló tún gba orúkọ rẹ̀ lò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, táyà náà ti rọ̀. Ọ̀mọ̀wé da omi ọṣẹ sí etí rẹ̀, ìfóòfó sì ń yọ wuuru níbi àpá jíjó. Kò sí ohun tí físíìsì kò sọ fún un. Ó mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà, ó mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kàkà kí Bàbá Túùbù gbọ́ pé òun tọ̀nà, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kó máa jí ṣáájú ìyá rẹ̀, kó máa fi pọ́ǹpù ẹlẹ́sẹ̀ fẹ́ táyà títí itan rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ṣe é. Ẹ wo ọlọ́gbọ́n tó di ẹrú pọ́ǹpù.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ó sùn gbàgbé. Táyà náà kò lẹ́mìí tó nígbà tí ìyá rẹ̀ wa katakata gun ẹ̀gbẹ́ òkè. Níbi tó ti fẹ́ yí, táyà bọ́ kúrò létí rìímù, katakata fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyá já bọ́ sórí ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ sì yẹ̀. Bí kì í bá ṣe àánú Ọlọ́run, ẹ̀rọ náà ì bá dà lé e lórí.

Alága ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wá wò ó. Ó wo táyà, ó wo irin tó ń dán, ó tutọ́ sílẹ̀. "Táyà ọba, rìímù ẹrú," ló wí. Ó gbé ààbọ̀ oko náà fún katakata mìíràn lójú ẹsẹ̀. Ààbọ̀ tó kù, ó fún wọn di ọjọ́ Sátidé kí wọ́n fi tú u tán.

Ọ̀mọ̀wé kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò pariwo. Ó wò ó bí ẹni ń wo owó tí kò ṣe é ná mọ́.

"Mo rò pé Bàbá ló ṣì í," ó ní. "Mo ti ń bínú sí i láti àárọ̀. Ẹnu rẹ ló mọ̀wé, ọwọ́ rẹ ò tíì mọ nǹkan kan. Gbéra, fẹsẹ̀ ara rẹ lọ bá a."

Bàbá Túùbù rí rìímù náà lókèèrè, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló kun àtíkè fún arúgbó yìí?" Ó ha ọ̀dà fàdákà náà kúrò, ó ha ìpẹtà abẹ́ rẹ̀, ó sì ní kí Ọ̀mọ̀wé fi àtàǹpàkò tirẹ̀ wá a yíká. Níbi àpá jíjó, ìka rẹ̀ wọ inú kòtò kékeré kan, kòtò tí ojú kò lè rí. Omijé dé.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Mo fojú tín-ín-rín yín."

"Mo mọ̀. Mo létí." Ó fa túùbù kan jáde. "Táyà rẹ ò burú. Rìímù rẹ lo ò wò. Túùbù á wọ inú rẹ̀, á sì di afẹ́fẹ́ mú fún un. Ki ọwọ́ bọ inú táyà, kí o wá ohunkóhun tó bá lè ha á."

Ó wá a, ó rí bébà tí ilé-iṣẹ́ lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, ó sì ṣí i kúrò. Nígbà náà ni Bàbá na agolo páúdà sí i.

"Ó yá. Wẹ ọmọ náà."

Ó dà á, ó fọwọ́ pa á yíká, kò sì gbé etí síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè mọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tún kọjá. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò gbójú sókè.

Ní Sátidé, ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ tí wọ́n fi aṣọ dì tú ààbọ̀ oko tó kù tán, òjò sì bẹ̀rẹ̀ bó ṣe ń wá sílé. Ààbọ̀ tó lọ ti lọ, kò padà sí wọn lọ́wọ́ mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, táyà tuntun kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, túùbù àtijọ́ kì í sì í ṣe ìwà mímọ́. Ohun tí rìímù bá lè gbé ni kí a gbé lé e, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n ni kí a bi, ìbáà jẹ́ pé àtàǹpàkò rẹ̀ dúdú. Ẹ̀gàn ni ìpẹtà ọkàn. Bí a bá fi ọ̀dà kùn ún, abẹ́ ọ̀dà náà ni yóò ti máa jẹ wá.