Ta Ló Dirun fún Qaanitah?

Obìnrin wẹ́fíà tí ìjọba rán wá bẹ ọmọ òrukàn wò ló kọ́kọ́ bèèrè, kì í ṣe èmi. Olúfúnkẹ́ ni wọ́n ń pè é, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, kò sì sí ohun tí ojú rẹ̀ kì í rí. Ó jókòó sí pálọ̀ mi ní Ìsàlẹ̀ Gángan, ó wo orí Qaanitah títí, ó wá ní ta ló ń dirun fún ọmọ yìí, pé ọwọ́ onítọ̀hún dára. Mo ní Ìyá Jimoh tí a jọ ń gbé àgbàlá ni. Mo sọ ọ́ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, nítorí èmi Àlájà Àmúdàtù kì í sọ ohun tí kò bá dá mi lójú.

Afusat, ìyá Qaanitah, onídìrí ni. Ẹnu ọ̀nà àgbàlá wa ló ti máa ń dirun fún èèyàn kó tó kú. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò yọjú láti ìdílé bàbá ọmọ náà, a kò gbà kí wọ́n gbé e lọ sí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí. Gbogbo àgbàlá jókòó, a pín iṣẹ́. Ọ̀dọ̀ mi ni yóò máa sùn, Ìyá Jimoh ni yóò máa fún un lóúnjẹ ọ̀sán, Mọ̀núrù télọ̀ ni yóò máa rán aṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa mú un lọ sí ilé kéwú. Olúfúnkẹ́ ní irú ìtọ́jú tí àwọn ń wá gan-an nìyẹn, kí ọmọ dàgbà láàárín àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ọmọ gbogbo wa ni, a sì ń fi í yangàn. Ohun tí ẹnì kan kò bá ṣe, a gbà pé ẹlòmíràn ti ṣe é.

Bí Olúfúnkẹ́ ṣe lọ tán, mo kọjá sí ọ̀dọ̀ Ìyá Jimoh láti dúpẹ́ irun. Ó wò mí bí ẹni tí mo ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó na ìka rẹ̀ sí mi, ó ní ṣé ìka tí làkúrègbé kò jẹ́ kó ró ìró dáadáa ni yóò dirun. Ó ní èmi lòun rò pé mò ń dì í. A jọ rẹ́rìn-ín, a kan ilẹ̀kùn tó tẹ̀ lé e. Ibi gbogbo tí a dé, ẹlòmíràn ni wọ́n ń nàka sí. Nígbà tí a máa fi dé yàrá tó kẹ́yìn, ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu wa.

Mo pe Qaanitah, mo yí orí rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀. Kojúsọ́kọ ni irun náà, ó gún régé. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí òsì, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó kọ ẹ̀yìn sí àwọn yòókù. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ ní gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó tó máa ń fi ìlà yẹn sí orí oníbàárà rẹ̀, Afusat ni. Irun náà rin, ó sì ń rùn bí omi kànga.

Mo bi í pé ta ló dì í. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Mọ́mì mi ni. Ẹ̀yìn kànga la máa ń jókòó sí. Wọ́n ní kí n má wẹ̀yìn."

Kò rí ojú ẹni náà rí. Ó ní ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ dì fún òun, lẹ́yìn náà pàtẹ́wọ́, lẹ́yìn náà èyí. Ó wá ku ṣùkú.

"Wọ́n ní tí wọ́n bá ti di ṣùkú fún mi, a jọ máa lọ ni. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń dirun fún mi níbí."

Ìgbà náà ni mo tó rántí pé ọmọ náà kì í jẹun tán mọ́, àti pé ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń tutù lórí ẹní. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Ìyá Jimoh bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mọ̀núrù ní ká tètè gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ní Èbúté Èrò. Mo ní ẹni tó ti ọ̀run wá dé Ìsàlẹ̀ Gángan, ṣé ọ̀nà Èbúté Èrò ni kò ní mọ̀? Wọ́n ní ká pe àáfà. Mo ní àáfà lè wá tó bá yá, pé ẹjọ́ ni Afusat wá rò, ẹjọ́ rẹ̀ sì tọ́. Ojú mẹ́wàá kò jọ ojú ẹni. A bọ́ ọmọ, a wọ̀ ọ́ láṣọ, kò sì sí ọ̀kan nínú wa tó gbé orí rẹ̀ sáàárín orúnkún láti dirun fún un.

Lẹ́yìn ìrun alásárì, mo gbé àpótí ìjókòó, àdín àti òòyà, mo mú ọmọ lọ sẹ́yìn ilé. Ó ti pẹ́ tí kànga náà ti gbẹ, páànù la fi bò ó, síbẹ̀ ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tutù. Mo gbé òòyà lé etí kànga, mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo fi Qaanitah sáàárín ẹsẹ̀ mi. Mo tú irun náà, títí kan ìlà etí òsì.

"Afusat," mo ní, "ọmọ yìí kì í ṣe ọmọ gbogbo wa mọ́. Ọmọ mi ni. Èmi ni màá di ṣùkú yìí, kò sì ní bá ẹ lọ síbì kankan."

Atẹ́gùn tútù kan fẹ́ sí mi lọ́rùn, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mi ò ní ọwọ́ Afusat. Ìlà kejì wọ́, mo sì gbọ́ tí ẹnì kan pòṣé lẹ́yìn mi, bí onídìrí ṣe máa ń pòṣé sí ọmọṣẹ́. Mo tú u, mo tún un dì.

Nígbà tó ku ìlà ìparí, mo na ọwọ́ sẹ́yìn láìronú.

"Qaanitah, fún mi ní òòyà."

Òòyà bọ́ sí mi lọ́wọ́, ó tutù, omi ń kán lára rẹ̀. Iwájú mi ni Qaanitah wà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan rẹ̀.

Mi ò wẹ̀yìn. Mo ní, "O ṣé, Afusat." Mo ya irun, mo dì í dópin, mo so ó.

Ọmọ náà mí kanlẹ̀. "Àlájà," ó ní, "ebi ń pa mí."

Mo dì í lọ́wọ́ mú, a wọlé, ó jẹ ẹ̀bà tán, ó ní kí n bu sí i. Láti ìgbà náà, èmi ni mò ń dirun rẹ̀, ẹ̀yìn kànga náà la sì ń jókòó sí. Ìyá Jimoh ní kí n máa gbé òòyà lé itan mi, pé kò yẹ kí n máa gbé e sẹ́yìn. Etí kànga náà ni mo ṣì ń gbé e lé. Bí mo bá ti na ọwọ́ sẹ́yìn, Afusat á gbé e fún mi.