Ta Ló Ń Mú Aláròyé Bì?

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni dókítà àwọn ọmọdé pe ìyá Aláròyé sí kọ̀rọ̀, ó sì sọ ohun tí wọ́n rí fún un. Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò, wọ́n ti yẹ èébì rẹ̀ wò. Kì í ṣe kòkòrò àìsàn, kì í sì í ṣe oúnjẹ tó bàjẹ́. Oògùn ni wọ́n bá níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń fún ẹni tó bá gbé májèlé mì kí ó lè bì í jáde.

"Ẹnì kan ló ń fún un," ni dókítà wí. "Mo ti pe ọlọ́pàá. Ẹ má bínú."

Ìyá Aláròyé yíjú sí bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, tó máa ń bi ògiri léèrè bóyá ó sùn dáadáa, ló nà gbalaja síbẹ̀, ètè rẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ jìn wọnú. Ìgbà kẹta rèé láàárín oṣù mẹ́rin. Bí wọ́n bá ti gbé e dé ilé ìwòsàn, ara rẹ̀ á yá. Bí wọ́n bá gbé e padà sílé, tó bá tún ṣe sàà, èébì á tún dé, inú á tún máa run ún.

Ìnsípẹ́kítọ̀ tó dé kò ga, kò sanra, kò sì kánjú. Má-kánjú gan-an ni àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ó lè bi ọ́ ní ìbéèrè kan, kó wá dákẹ́ títí ìdákẹ́jẹ́ náà á fi máa tì ọ́ lójú. Yàrá àwọn nọ́ọ̀sì ni ó pe ìyá ọmọ sí.

"Níbo lẹ wà lánàá, ìyá ọmọ?"

"Ìdí ọkọ̀ ni, sà. Bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ ni mò ń wà, láti aago márùn-ún àárọ̀ títí di mẹ́ta ọ̀sán."

"Ta ló wà lọ́dọ̀ ọmọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi. Ilé wọn là ń gbé. Mo pè wọ́n ní aago méje àbọ̀, Aláròyé ń kọrin sí mi létí. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ó di aago méjìlá ọ̀sán kí wọ́n tó pè mí pé èébì ti bẹ̀rẹ̀."

Má-kánjú kọ ọ́ sílẹ̀. "Wọ́n sọ fún mi pé ọmọ náà ń dí yín lọ́wọ́. Wọ́n ní iṣẹ́ ńlá ń dúró dè yín ní ìlú mìíràn, ẹ ò sì mọ ibi tí ẹ máa ju ọmọ sí."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Má-kánjú pa ìwé rẹ̀ dé. "Ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀ fún yín. Bí mi ò bá rí ẹni tó ṣe é kí dókítà tó ní kí ọmọ máa lọ sílé, kò ní bá yín lọ. Ìjọba ló máa gbà á."

Òótọ́ ni pé iṣẹ́ wà. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti fi í ṣe ọ̀gá àwọn awakọ̀ ní ìlú mìíràn, wọ́n sì fún un ní yàrá méjì. Ó ti dá ọjọ́ tí wọ́n máa kó lọ lẹ́ẹ̀mejì, àìsàn ọmọ sì ti yẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ọjọ́ ìkẹyìn tí ilé-iṣẹ́ fún un, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún Má-kánjú. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé kò fẹ́ mú ọmọ lọ? Àní aṣọ ọmọ ló kọ́kọ́ dì!

Bàbá ọmọ ló fura sí. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, ó ti tó ọdún méjì tí wọ́n ti pínyà, Sátidé nìkan ló sì máa ń yọjú, tòun ti bisikíìtì. Kò pẹ́ tí òun náà dé, tí ìyẹ̀fun pákó ṣì wà nírun rẹ̀. Má-kánjú bi í bóyá ó fún ọmọ ní nǹkan kan lánàá.

"Èmi kẹ̀?" Ohùn rẹ̀ gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé! Èmi tí mò ń wá ní Sátidé, báwo ni mo ṣe máa fún un ní nǹkan lọ́jọ́bọ̀?"

"Ẹ mọ̀ pé wọ́n fẹ́ kó lọ lọ́jọ́ Ajé?" ni Má-kánjú bi í.

Ẹnu gbẹ́nàgbẹ́nà là sílẹ̀. Ó yíjú sí ìyá ọmọ. "O fẹ́ gbé ọmọ mi lọ síbo?"

Ìyá Aláròyé sorí kọ́. Nítorí ariwo bí irú èyí ni kò ṣe sọ fún un. Má-kánjú wo ẹnu ọkùnrin náà tó là sílẹ̀, ó mi orí díẹ̀, kò kọ nǹkan kan.

Láti ibẹ̀, ilé ẹ̀gbọ́n ló ní kí ìyá ọmọ mú òun lọ.

Àǹtí ni gbogbo àdúgbò ń pe ẹ̀gbọ́n yìí. Ogún ọdún ló ti lò nílé ìtajà oògùn, níbi tó ti ń po oògùn fún àwọn aláìsàn. Nígbà tí ìyá wọn kú, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ìyá Aláròyé. Àǹtí ló wẹ̀ ẹ́, òun ló rán an nílé ìwé, òun náà ló gbẹ̀bí Aláròyé. Kò bímọ tirẹ̀ rí. Fún àbúrò rẹ̀ yìí, bíbí nìkan ló kù tí kò bí i.

Ilé ìdáná rẹ̀ mọ́ débi pé èèyàn lè jẹun lórí ilẹ̀. Lórí tábìlì ni ìgò ńlá kan wà, tí omi inú rẹ̀ ti dín díẹ̀. Wọ́n lẹ bébà funfun mọ́ ọn, wọ́n sì fi bírò pupa kọ ọ́ pé: Ọjọ́bọ̀, aago méje àárọ̀.

"Kí ni èyí?" ni Má-kánjú béèrè.

"Omi oníyọ̀ àti ṣúgà ni, sà. Tí ọmọ bá ń bì, omi ara rẹ̀ ló ń gbẹ, gbígbẹ yẹn ló sì ń pa á. Ẹ ó máa fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá fi kọ́ọ̀pù fún un, á tún bì í padà."

"Bébà ara rẹ̀ ńkọ́?"

Àǹtí rẹ́rìn-ín. "Òfin iṣẹ́ wa nìyẹn. Ohunkóhun tí o bá pò, kọ ọjọ́ àti aago sí i lára kó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ. Tó bá ti pé wákàtí mẹ́rìnlélógún, dà á nù. Tẹ́ ẹ bá jí mi lójú oorun, màá kọ ọ́."

"Ẹ ò ṣi aago kọ rí?"

"Láéláé, sà."

Má-kánjú fa àga, ó jókòó, ó sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà pẹ́ títí Àǹtí fi bẹ̀rẹ̀ sí í nu tábìlì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Ọ̀sán ni èébì bẹ̀rẹ̀," ni Má-kánjú wí nígbẹ̀yìn. "Ní aago méje àbọ̀, ọmọ ń kọrin. Kí ló dé tí ẹ fi po omi èébì ní aago méje fún ọmọ tí kò tíì ṣe nǹkan kan?"

"Ẹni tó bá da omi síwájú, á tẹ ilẹ̀ tútù." Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. "Inú ọmọ yẹn kì í pẹ́ bàjẹ́. Mo kàn ń múra sílẹ̀ ni."

"Ó dáa. A jẹ́ pé ojoojúmọ́ lẹ ń pò ó, nítorí kì í ju ọjọ́ kan lọ." Ó yíjú sí ìyá ọmọ. "Ṣé ojoojúmọ́ ni?"

"Rárá, sà. Ọjọ́ tí ara rẹ̀ ò bá yá nìkan ni."

Ó ti sọ ọ́ tán kó tó mọ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ.

Má-kánjú ń sọ̀rọ̀ lọ bí ẹni ń ka ìwé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọ ṣàìsàn, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ló sì jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kó lọ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Bàbá ọmọ ò mọ̀ pé wọ́n ń lọ, kò lè yan ọjọ́. Àwọn tó mọ̀ kò ju méjì lọ. Ọ̀kan wà nídìí ọkọ̀, tí ogójì èèyàn jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Èkejì ń ṣiṣẹ́ níbi tí oògùn náà wà, òun náà ló sì lọ fọwọ́ sọ àyà fún ọlọ́pàá pé àbúrò òun ò fẹ́ ọmọ rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ sọ fún wọn pé irọ́ ni," ni ìyá Aláròyé wí. "Àǹtí mi, ẹ sọ̀rọ̀!"

Àǹtí ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ìwọ̀nba ni mo fi sí i. Mo mọ ìwọ̀n. Mi ò fẹ́ kó kú, ìdí tí mo fi po omi sílẹ̀ dè é nìyẹn. Mo kàn fẹ́ kí ọjọ́ yẹn yẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá lọ, ta ni mo ní?"

"Ìwọ lo sọ pé mi ò fẹ́ ọmọ mi?" Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kò pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní "ìwọ" rí.

"Ẹ̀rù bà mí."

"Wọ́n fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ mi!"

"Mo rò pé tí wọ́n bá gbà á," ni Àǹtí wí, tí kò gbójú sókè, "èmi ni wọ́n máa gbé e fún."

Ìyá Aláròyé di ògiri mú. Ó ti rò pé òun mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dunni, àṣé kò tíì mọ nǹkan kan. Ọwọ́ tó bu ẹ̀kọ sí i lẹ́nu nígbà tó di aláìníyàá, ọwọ́ yẹn náà ló ń bu oògùn sí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu.

Má-kánjú pe ọlọ́pàá méjì tó dúró síta wọlé, wọ́n sì mú Àǹtí dìde. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó bojú wẹ̀yìn. "Tí èébì bá dá, má tíì fún un ní mílíìkì o. Ìrẹsì rírọ̀ ni kó kọ́kọ́ jẹ."

"Pa ẹnu ẹ dé," ni àbúrò rẹ̀ wí.

Má-kánjú dúró díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ọmọ. "Lọ́jọ́ Ajé, ẹ lè gbé ọmọ yín lọ," ó wí jẹ́jẹ́, ó sì tẹ̀lé wọn jáde.

Ní ìrọ̀lẹ́, Aláròyé lajú. "Mọ́mì, ebi ń pa mí," ó wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi ìrọ̀rí léèrè bóyá ebi ń pa òun náà. Nọ́ọ̀sì kan sáré gbé kọ́ọ̀pù mílíìkì wá.

Ìyá Aláròyé na ọwọ́ sí kọ́ọ̀pù náà, ó sì fà á padà. Ó fẹ́ gbà á, kí ó lè ṣe òdì kejì ohun tí obìnrin yẹn sọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ló wà níwájú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi wá ìrẹsì rírọ̀. Mílíìkì ò tíì yá."

"Òótọ́ lẹ sọ o. Èmi ni mo kánjú," ni nọ́ọ̀sì wí, inú rẹ̀ sì dùn. "Ẹ mọ ọmọ tọ́jú gan-an. Ta ló kọ́ yín?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni," ni ìyá Aláròyé wí, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n.