Ẹni Tó Ń Mu Ọ̀rọ̀ Zùbáír

Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó wọ takisí lọ sí Lazaret ní Niamey, kó béèrè ilé bàbá mi, Alfa Àbdùlsàlámì ará Ìlọrin. Kó wọlé, kó wo àárín agbo ilé. Ilẹ̀ lásán ni yóò bá níbẹ̀. Igi dóńgóyárò ńlá kan wà níbẹ̀ rí. Èmi Hàlímàt ló sọ bẹ́ẹ̀. Orí mi pé, mi ò sì purọ́ mọ́ bàbá mi.

Abẹ́ igi yẹn la dàgbà sí. Bàbá wa a jókòó sórí awọ àgbò, àwọn ọmọ kéwú a yí i ká. Bí ọyẹ́ bá dé, tí eruku bo gbogbo Niamey, ewé igi náà a máa já sórí wàláà, pátákó tí a fi ń kéwú. Ìyá a máa fọ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, a máa fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ kọ wákà. Bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, omijé á lé sí mi lójú. A ò ní nǹkan kan nígbà náà, inú wa sì dùn.

Bàbá a fi tàdáwà, yíǹkì àwọn alfa, kọ ọ̀rọ̀ Kùránì sórí wàláà, a fi omi fọ̀ ọ́ sínú igbá, a ní ká mu omi náà. Hàntú nìyẹn. Gbogbo ọmọ ilé ló ń mu ún. Èmi nìkan ni kò ṣeé ṣe fún. Bó bá ti kan ahọ́n mi báyìí, mo ti bì í. Bàbá a rẹ́rìn-ín.

"Ẹ fi Hàlímàt sílẹ̀. Ikùn tirẹ̀ kò gba ìwé."

Zùbáír, àbúrò mi, ló fẹ́ràn tàdáwà jù. Gbogbo ohun tó bá rí ló ń kọ. Bàbá a máa kìlọ̀ fún un: "Má kọ ohun tí o fẹ́ràn sórí wàláà, tí o kò bá mọ ẹni tó máa mu omi rẹ̀." A kàn ń gbọ́ ọ ni.

Bàbá kú. Ọdún ń gorí ọdún. Èmi ń ta sálúbàtà lọ́jà Lazaret. Zùbáír kàwé Faransé títí, kò ríṣẹ́. Ló bá ní òun á máa kọ̀wé fún àwọn ènìyàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ará Faransé, ará Kánádà, àwọn tí kò fojú rí rí, wọ́n á ní kó kọ̀wé nípa bàtà, nípa ọṣẹ, nípa eyín tó ń dunni. Tó bá ti fi ránṣẹ́, ó ti di tiwọn nìyẹn. Orúkọ rẹ̀ kò ní í sí níbẹ̀.

"Iṣẹ́ wo rèé, tí ọ̀gá ò lójú?" Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa.

"Àǹtí, ẹ ṣáà máa wò mí."

A sì wò ó. Oníbàárà tuntun kan dé, owó tó ń san ju ti àwọn yòókù lọ fíìfíì. Kò pẹ́, Zùbáír kó èmi àti Ìyá lọ sí Koira Kano, àdúgbò àwọn olówó, sínú ilé tó ní iná oòrùn lórí òrùlé. Kíndìnrín ń yọ Ìyá lẹ́nu. Zùbáír ló ń ra oògùn olówó ńlá tó ń mu. Mo pa ẹnu yẹ̀yẹ́ mi mọ́.

Ohun kan ló ṣàjèjì. Yorùbá ni oníbàárà yìí fi ń kọ̀wé sí i. Yorùbá Ìlọrin, èyí tó jinlẹ̀. Kò sọ orúkọ. Kò béèrè ọ̀rọ̀ bàtà. Ó ní, "Kọ igi agbo ilé bàbá rẹ fún mi."

"Ta ló sọ fún un pé igi wà níbẹ̀?" mo bi Zùbáír.

"Àǹtí, ilé wo ni kò nígi?"

Ó kọ ọ́. Ó kà á fún èmi àti Ìyá, Ìyá sì sunkún. Ká sòótọ́, àbúrò mi mọ̀wé kọ. Ó fi ránṣẹ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, mo yà sílé àtijọ́ láti kí Zàlìhà, ọmọ Ìlọrin tó ń gbé ibẹ̀ báyìí. Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn bo gbogbo agbo ilé. Kò sí òjìji. Kò sí igi. Kò sí kùkùté, kò sí ihò.

"Zàlìhà, ta ló gé igi?"

"Igi wo, Hàjíà?"

"Igi tí o ń so okùn aṣọ mọ́!"

Ó wò mí. Ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

Mo sáré padà sí Koira Kano. Ìyá ní, "Hàlímàt, ṣé ara rẹ yá? Igi kankan ò sí nílé wa rí." Mo ní kí Zùbáír ṣí ohun tó kọ. Ojú kọ̀ǹpútà funfun báláú, bíi wàláà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

"Mi ò rántí ohun tí mo kọ," ó ní. "Ó ṣáà ti sanwó."

Lẹ́yìn náà, oníbàárà ní kó kọ ohùn bàbá rẹ̀. Ó kọ ọ́. A ní kásẹ́ẹ̀tì wáàsí Bàbá kan tí Ìyá máa ń gbọ́. Mo fi í sí rédíò. Ó ń yí. Kò sí ohùn. Kò sí ikọ́ tí Bàbá máa ń wú kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìyá jókòó, ó tẹ́tí.

"Ta ló ni kásẹ́ẹ̀tì òfìfo yìí?"

Ìgbà tí Zùbáír sọ fún mi pé wọ́n ní kí òun kọ bí Ìyá ṣe ń jí òun láàárọ̀, mo kúnlẹ̀. Èmi ẹ̀gbọ́n, mo kúnlẹ̀ fún àbúrò mi.

"Zùbáír, mo fi ọmú tí a jọ mu bẹ̀ ọ́. Má kọ ọ́."

"Háà! Àǹtí, ẹ dìde! Ẹ má fi èyí ṣe mí." Ojú rẹ̀ pọ́n. "Tí mo bá kọ̀, kí la máa fi ra oògùn Ìyá?"

Sálúbàtà ò lè ra oògùn yẹn. Ó kọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá jáde pẹ̀lú búútà àlùwàlá rẹ̀. Zùbáír dọ̀bálẹ̀. Láti kékeré ni Ìyá ti ń fi oríkì rẹ̀ dá a lóhùn pé: "Àdìsá, ọkọ mi. Ọmọ ajíkéwú. Ọmọ alfa tó ń jí ṣáájú àkùkọ." Mo ń retí rẹ̀. Ìyá wo Zùbáír títí.

"Ẹ káàárọ̀ o," ó ní. "Ọmọ ta ni yín?"

Zùbáír rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, mo ki oríkì náà sí i létí.

"Oríkì ta nìyẹn, Àǹtí? Ó dùn."

Mo bú sẹ́kún.

Ara Ìyá ti le báyìí. Ó ń jẹun, ó ń rìn. Bó bá kírun tán, ó máa ń ṣàdúà fún Zùbáír: "Ọmọkùnrin tó gbà wá sílé yìí, Ọlọ́run á san án fún un." Zùbáír á ní, "Àmín, Ìyá," á sì lọ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Èmi nìkan ni igi yẹn kù sí nínú. Èmi nìkan ni mo ṣì ń gbọ́ ikọ́ Bàbá. Ìdí nìyí tí mo fi ń fẹnu sọ ọ́ fún yín. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, kó kọ́kọ́ mọ ẹni tó máa mu ún.

Lánàá, lọ́sàn-án, gbogbo àdúgbò dákẹ́ nínú ooru. Àdàbà pàápàá ò dún. Zùbáír pè mí. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ igi nígbà tó wà ní kékeré.

"Àǹtí, ẹ wá jókòó. Oníbàárà mi ti béèrè iṣẹ́ míì. Ó ní kí n kọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, èyí tí ikùn rẹ̀ kò gba ìwé." Ó yí kọ̀ǹpútà sí mi. "Kí ni ìtumọ̀ ìyẹn?"

Mo dìde níbẹ̀, mo wá sọ ọ́ fún yín kó tó kọ mí.