Àlejò Tí Kò Dúró Ti Bẹ́ẹ̀dì Kankan

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi. Ìwọ olórí kunkun, gbé ẹsẹ̀ kúrò lára àbúrò ẹ. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí téèyàn ń dá gbọ́.

Nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí ìyá mi wà, bí mo bá fẹ́ jókòó tì í, màá bá àga tó gbóná, bí ẹni pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀.

"Màámi, ta ló jókòó síbí?"

"Bàbá ẹ ni. Ó ní o pẹ́ kó o tó dé."

Bàbá mi ti kú kí n tó lọ́kọ! Mo fi ṣe ẹ̀rín.

Ọ̀gá àwọn dókítà ibẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Bó bá ń yí ká wo aláìsàn, àwọn nọ́ọ̀sì á tò tẹ̀lé e bí òròmọdìẹ. Má-tíì-lọ là ń pè é. Bí ẹ̀mí arúgbó bá fẹ́ bọ́, á bẹ̀rẹ̀ sétí rẹ̀, á ní, "Má tíì lọ." Arúgbó á sì mí padà. Ó ń yangàn pé òkú kì í jáde lọ́dọ̀ òun. Àmọ́ ìrora ò lọ o. Ìyá mi ku egungun àti awọ.

"Bá mi bẹ dókítà yẹn," ló ń wí. "Ó ti rẹ̀ mí."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ìyá mi lọ. Ó ní, "Iṣẹ́ mi kọ́ nìyẹn, mà."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, èémí ìyá mi tún fẹ́ dúró. Má-tíì-lọ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí i létí. Òórùn ilẹ̀ tútù bá gba gbogbo yàrá. Ìgbà yẹn la rí wọn: òkú kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì èèyàn rẹ̀. Bàbá mi di fìlà mú, ó ń wo dókítà bí ọkọ ìyàwó ṣe ń wo àna tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ìyá àgbà kan ò dúró ti bẹ́ẹ̀dì kankan.

"Ìyá," dókítà bi í, "ta lẹ wá mú?"

Ìyá náà fi etí aṣọ nu òógùn ojú dókítà. Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ọmọ mi, ẹ̀mí tìẹ lo fi ń so wọ́n mọ́lẹ̀. Ó ti tán."

"Màámi," ni dókítà wí.

Kò jẹ́ fi ọwọ́ ìyá mi sílẹ̀. Àwọn àlejò dúró, àwa náà dúró, títí ojú ọ̀run fi ń pọ́n bọ̀. Ìyá mi ló la ẹnu: "Ọmọ dáadáa, o ṣe é. Ó tó."

Dókítà tú ọwọ́ rẹ̀.

Bílẹ̀ ṣe ń mọ́, àwọn òkú àti èèyàn wọn jáde ní méjì-méjì, ẹsẹ̀ wọn ò dún. Ìyá mi bojú wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Má-tíì-lọ ló kẹ́yìn, ó di etí aṣọ ìyá rẹ̀ mú bí ọmọdé.